Ẹsẹ̀ Ni Ìpìlẹ̀ Sáàfù Nínú Eré Tẹ́níìsì

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ òwe yìí. Mo ti lò ó nínú àròkọ tí ó tó mẹ́wàá kí n tó wọ yunifásítì. Ṣùgbọ́n n kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀ dájú títí di ọjọ́ tí mo pàdánù ìdíje tẹ́níìsì níṣojú àwọn ará ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ wa.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ má ṣe bínú pé inú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá ni mo gbé ọ̀rọ̀ eré ìdárayá wá. Bí a bá ń sọ lójoojúmọ́ pé èdè wa tó láti fi ṣàlàyé ohun gbogbo tí ẹ̀dá ń ṣe, ó yẹ kí a lè fi ṣàlàyé bí a ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù kékeré kan kọjá àwọ̀n. Eré tẹ́níìsì kì í sì í ṣe àlejò lọ́dọ̀ wa. Nduka Odizor, tí a bí ní Èkó ní 1958, gbá a dé ìpele kẹrin ní Wimbledon ní 1983. Ní ìpele kìíní, Guillermo Vilas ọmọ Argentina ti kọ́kọ́ jẹ sẹ́ẹ̀tì méjì mọ́ ọn lọ́wọ́, síbẹ̀ Odizor ló borí. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a jọ sọ ọ́ ní èdè wa.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò pọ̀. Sáàfù ni mo fẹ́ ṣàlàyé, pàápàá jù lọ bí ẹni tí ń sáàfù ṣe lè dúró déédéé. Sáàfù ni n ó máa pè é, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ẹni tí ń gbá a lórí pápá ń pè é.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀

Ní ọdún kejì mi ni. Ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ wa àti ẹ̀ka mìíràn jọ dé àṣekágbá ìdíje abẹ́lé. Wọ́n ti jẹ ọ̀kan, àwa náà ti jẹ ọ̀kan, èmi ni mo sì gbá ẹ̀kẹta tí yóò parí ọ̀rọ̀. Nínú sẹ́ẹ̀tì tí ó kẹ́yìn, mo ti ní géèmù 5, ẹnì kejì mi ní 4, ọwọ́ mi ni sáàfù sì wà. Àmì kan ṣoṣo ni ó kù kí a gba ife. Àwọn ènìyàn wa ti ń lu agolo, wọ́n ti ń kọrin, àwọn kan tilẹ̀ ti bọ́ sí etí ìlà láti wá gbé mi.

Mo ju bọ́ọ̀lù sókè, mo fi gbogbo agbára apá mi gbá a, ó wọ inú àwọ̀n. Mo ju èkejì. Ẹ̀rù ti bà mí, mo rọra tì í bí ẹni tí ń ti ilẹ̀kùn yàrá aláìsàn, òun náà wọ inú àwọ̀n. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ṣe báyìí nínú géèmù kan náà. Ó di 5 sí 5, ó di 5 sí 6, wọ́n sì fi 7 sí 5 lé wa lọ sílé. Kò sí ẹni tí ó bú mi, ṣùgbọ́n ìdákẹ́jẹ́ tí ó wà nínú ọkọ̀ nígbà tí à ń padà sí ilé ìbùgbé wa ju èébú lọ. Èjìká mi tún ń ro mí fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko.

Bàbá kan wà tí ń tọ́jú pápá náà. Òun ní í máa gbá ilẹ̀ ibẹ̀, òun ní í máa ta àwọ̀n, òun ní í sì máa kun ìlà. Ní ọjọ́ kejì, mo lọ kí i.

“Ẹ káàárọ̀ sà, Bàbá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wo apá mi. Mo rò pé n kò ní agbára tó.”

Bàbá rẹ́rìn-ín. “Ta ní sọ fún ọ pé apá ni? Ọmọ mi, ọwọ́ lò ń bá wí, ẹsẹ̀ ló jẹ̀bi.”

Ó ní kí n sáàfù ẹ̀ẹ̀kan, kí n sì dúró síbi tí ẹsẹ̀ mi bá gbé mi dé. Mo gbá a. Kí n tó mọ̀, mo ti ta gẹ̀ẹ́gẹ̀ẹ́ lọ sí apá òsì, ìgbésẹ̀ mẹ́ta gbáko, kí n tó lè dúró.

“Ṣé o rí i?” ni Bàbá wí. “Ẹni tí ń ṣubú lọ kò lè sọ òkò kí ó ba máńgòrò.”

Gbólóhùn yìí ni ó mú mi bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí. Ohun tí mo rí kà, tí mo sì rí dán wò láti ìgbà náà, ni mo kó jọ sí ìsàlẹ̀ yìí.

Kí ni sáàfù?

Sáàfù ni àkọ́gbá tí ó ń bẹ̀rẹ̀ àmì kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ń sáàfù yóò dúró lẹ́yìn ìlà ẹ̀yìn pápá, yóò ju bọ́ọ̀lù sókè, yóò sì gbá a kí ó tó kanlẹ̀. Bọ́ọ̀lù náà gbọ́dọ̀ fò kọjá àwọ̀n ní ìdábùú, kí ó bọ́ sínú àpótí tí a fi ìlà yà sí apá kejì. Àpótí yìí gùn ní mítà 6.40, ó sì fẹ̀ ní mítà 4.115. Bí bọ́ọ̀lù bá kan orí àwọ̀n tí ó sì bọ́ sínú àpótí náà, a ó tún un gbá, kò sí ìjìyà. Bí ó bá wọ inú àwọ̀n tàbí tí ó bọ́ síta, fọ́ọ̀tì kan nìyẹn. Bí ẹsẹ̀ ẹni bá tẹ ìlà ẹ̀yìn kí ó tó gbá bọ́ọ̀lù, fọ́ọ̀tì ni ìyẹn náà. Fọ́ọ̀tì kan kò pa ènìyàn, nítorí pé a ní àǹfààní ẹlẹ́ẹ̀kejì. Bí ti ẹlẹ́ẹ̀kejì bá tún kùnà, dọ́bù fọ́ọ̀tì ni wọ́n ń pè é, àmì ti lọ sọ́dọ̀ ọ̀tá láìjẹ́ pé ó gbé ọwọ́ sókè.

Ohun kan wà tí ó ya sáàfù sọ́tọ̀. Gbogbo bọ́ọ̀lù yòókù tí à ń gbá, ẹni tí à ń bá jà ló yan ibi tí yóò ti bá wa. A ó sáré, a ó bẹ̀rẹ̀, a ó na apá. Ṣùgbọ́n ní ti sáàfù, kò sí ẹni tí ń lé wa. Àwa ni a ó yan ibi tí a ó dúró sí, àwa ni a ó ju bọ́ọ̀lù fún ara wa. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí ó rọrùn jù, ìdí nìyí náà tí ó fi ń dójú tini jù. Bí ó bá bàjẹ́, kò sí ẹni tí a lè dá lẹ́bi.

Ìdí tí a fi gbọ́dọ̀ gbá a lókè

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò díẹ̀. Kí ẹ̀rù má ba ọmọ ẹ̀ka Yorùbá, ìṣirò ọjà ni.

Láti ìlà ẹ̀yìn dé ìdí àwọ̀n jẹ́ mítà 11.885. Láti àwọ̀n dé òpin àpótí sáàfù jẹ́ mítà 6.40. Gíga àwọ̀n náà ní àárín gbùngbùn jẹ́ mítà 0.914. Ká ní a so okùn mọ́ ilẹ̀ ní òpin àpótí, tí a fà á le dáadáa kí ó fara kan orí àwọ̀n, tí a sì fà á bẹ́ẹ̀ títí dé òkè ìlà ẹ̀yìn. Gíga ibi tí ọwọ́ wa yóò ti di okùn náà mú yóò jẹ́ mítà 2.61. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí bọ́ọ̀lù bá ń lọ tààrà bí okùn yìí, ẹni tí kò bá gbá a ní ibi tí ó ga ju mítà 2.61 lọ kò lè mú un kọjá àwọ̀n kí ó tún bọ́ sínú àpótí.

Lóòótọ́, bọ́ọ̀lù kì í lọ tààrà bí okùn. Ilẹ̀ ń fà á wálẹ̀, yíyí tí ó ń yí nínú afẹ́fẹ́ náà sì lè tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀. Ṣùgbọ́n okùn yìí fi bí àyè ṣe kéré tó hàn wá. Ẹni tí ó ga tó mítà 1.75, bí ó bá na ara àti apá rẹ̀ tán pátápátá, rákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ yóò kan bọ́ọ̀lù ní nǹkan bí mítà 2.6. Bí ẹni yìí bá tẹ̀, tàbí tí ó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí gíga náà wá dín sí mítà 2.4, okùn wa tí ó fara kan orí àwọ̀n yóò kanlẹ̀ ní nǹkan bí mítà 7.3 lẹ́yìn àwọ̀n. Ó ti fi ohun tí ó tó sẹ̀ǹtímítà 90 kọjá ìlà. Bí onítọ̀hún bá sì fẹ́ tún un ṣe nípa dídarí bọ́ọ̀lù sísàlẹ̀, inú àwọ̀n ni yóò gbá a sí. Ohun tí ó ṣe mí gan-an nìyí. Mo rò pé agbára ni n kò ní. Gíga ni n kò ní, àìdúró déédéé ni ó sì gba gíga náà lọ́wọ́ mi.

Ìdúró

Ẹni tí ó ń lo ọwọ́ ọ̀tún ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ. Kí ẹni tí ó ń lo ọwọ́ òsì yí i padà.

Kí a fi ẹ̀gbẹ́ òsì kọ àwọ̀n, kì í ṣe àyà. Kí ẹsẹ̀ òsì wà níwájú, kí ó jìnnà sí ìlà ẹ̀yìn díẹ̀, kí ọmọ ìka rẹ̀ sì kọjú sí òpó àwọ̀n ti apá ọ̀tún. Kí ẹsẹ̀ ọ̀tún wà lẹ́yìn, kí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ìlà náà dọ́gba. Àlàfo tí ó wà láàrin ẹsẹ̀ méjèèjì kò gbọdọ̀ ju fífẹ̀ èjìká ẹni lọ púpọ̀. Bí ó bá fún jù, ara yóò máa fì. Bí ó bá fẹ̀ jù, orúnkún kò ní lè gbé wa sókè.

Ọ̀nà méjì ni àwọn ògbóǹtagí ń gbà lo ẹsẹ̀. Àwọn kan a máa fi ẹsẹ̀ méjèèjì sílẹ̀ níbi tí wọ́n wà títí wọn yóò fi fò sókè. Roger Federer ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí ó ń díje. Àwọn mìíràn a máa fa ẹsẹ̀ ẹ̀yìn wá pàdé ti iwájú kí wọ́n tó fò. Serena Williams ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí ó ń díje. Ọ̀nà kejì yìí a máa ran ènìyàn lọ́wọ́ láti tari ilẹ̀ kí ó sì ga, ṣùgbọ́n ó ń béèrè pé kí ẹsẹ̀ tí ń rìn má ṣe da ara rú. Ìmọ̀ràn mi fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ ni pé kí ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì sílẹ̀. Ẹni tí kò tíì mọ ìrìn kì í sáré.

Ní ti dídi rákẹ́ẹ̀tì mú, kí a dì í mú bí ẹni di àáké mú tí ó fẹ́ fi la igi. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń dì í mú bí àwo díńdín. Ó rọrùn báyìí fún ọmọ tuntun, ṣùgbọ́n kò ní jẹ́ kí ọrùn ọwọ́ yí nígbà tí ó bá yẹ kí ó yí.

Bọ́ọ̀lù tí a jù sókè

Bí a bá ní kí a ka gbogbo ohun tí ó ń ba sáàfù jẹ́, jíju bọ́ọ̀lù sókè ni yóò ṣáájú. Bọ́ọ̀lù ló ń sọ ibi tí ara yóò lọ. Bí a bá jù ú sẹ́yìn orí, ẹ̀yìn wa yóò tẹ̀ lọ bá a. Bí a bá jù ú sí apá òsì, a ó fì sí òsì. Bí a bá jù ú jìnnà síwájú, a ó ṣubú lọ bá àwọ̀n. Nígbà tí mo ń ta gẹ̀ẹ́gẹ̀ẹ́ lójú Bàbá, kì í ṣe pé mo mutí. Òkè orí mi lápá òsì ni mo ń ju bọ́ọ̀lù sí, ara mi sì ń tẹ̀ lé e bí ajá ṣe ń tẹ̀ lé ọdẹ.

Kí a fi orí ìka di bọ́ọ̀lù mú jẹ́jẹ́, kì í ṣe inú àtẹ́lẹwọ́. Kí a na apá òsì tán, kí a gbé e sókè láti èjìká, kí ìgúnpá àti ọrùn ọwọ́ má ṣe dá sí i. Kí a jọ̀wọ́ bọ́ọ̀lù nígbà tí ọwọ́ bá tó ìwọ̀n ojú. Ó yẹ kí bọ́ọ̀lù lọ sókè jẹ́jẹ́ láìyí, kí ó ga díẹ̀ ju ibi tí rákẹ́ẹ̀tì lè tó lọ. Bí a kò bá gbá a, kí ó balẹ̀ sínú pápá níwájú wa díẹ̀, ní ọ̀gangan èjìká ọ̀tún.

Òfin kan wà tí ọ̀pọ̀ kò rántí. Bí bọ́ọ̀lù tí a jù kò bá lọ síbi tí a fẹ́, kò pọn dandan kí a gbá a. A lè fi ọwọ́ hán an tàbí kí a jẹ́ kí ó bọ́ sílẹ̀, kí a sì tún un jù. Fọ́ọ̀tì kọ́, níwọ̀n ìgbà tí a kò bá tíì fi rákẹ́ẹ̀tì fẹ́ ẹ. Ní ọjọ́ tí mo ń wí yìí, bọ́ọ̀lù mẹ́rin ni mo jù burúkú tí mo sì lé bá. Ojú ń tì mí láti tún un jù níṣojú èrò. Ìtìjú kékeré tí mo sá fún ni ó bí ìtìjú ńlá.

Agbára láti ilẹ̀ wá

Bọ́ọ̀lù tẹ́níìsì kò wúwo tó gíráàmù 60. Kì í ṣe ohun tí a ń fi ipá apá gbé. Àwọn onímọ̀ nípa bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́ ti wọ̀n ọ́n, wọ́n sì rí i pé nǹkan bí ìdajì agbára inú sáàfù ni ó ń ti ẹsẹ̀, ìbàdí àti agbede ara wá. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ẹni tí ó bá fi apá nìkan gbá a ti sọ apá náà di ẹrú tí ń ṣe iṣẹ́ ènìyàn márùn-ún, èjìká ni yóò sì san owó rẹ̀.

Ẹ wo ẹni tí ó ń gún iyán. Kì í fi apá nìkan gbé ọmọ odó. Ara rẹ̀ yóò lọ sókè, gìgísẹ̀ rẹ̀ yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò nílẹ̀, lẹ́yìn náà ni gbogbo ara yóò wálẹ̀ pọ̀. Ẹ tún wo ọmọdé tí ń sọ òkò sí máńgòrò. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló kọ́kọ́ tẹ ilẹ̀, ìbàdí rẹ̀ yí, àyà rẹ̀ yí tẹ̀ lé e, apá wá kẹ́yìn bí ìrù pàṣán. Kò sí ẹni tí ó kọ́ ọ. Sáàfù kò ju òkò tí a sọ sókè lọ, rákẹ́ẹ̀tì ni a kò jẹ́ kí ó kúrò lọ́wọ́.

Bí ó ṣe ń tẹ̀ léra nìyí. Nígbà tí ọwọ́ òsì bá ń gbé bọ́ọ̀lù lọ sókè, orúnkún méjèèjì yóò tẹ̀, ìbàdí yóò yọ síwájú díẹ̀, èjìká òsì yóò ga, ti ọ̀tún yóò sì rẹlẹ̀. Ọwọ́ tí ó di rákẹ́ẹ̀tì mú yóò ti tẹ̀ ní ìgúnpá lẹ́yìn orí. Láti ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ yóò ti tari ilẹ̀. Bí orúnkún bá ti ń nà, rákẹ́ẹ̀tì yóò kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀ sẹ́yìn fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni ìbàdí yóò yí, tí àyà yóò tẹ̀ lé e, tí èjìká, ìgúnpá, apá ìsàlẹ̀ àti ọrùn ọwọ́ yóò wá tẹ̀ léra wọn. Olúkúlùkù ń gba agbára lọ́wọ́ ẹni tí ó ṣáájú rẹ̀, ó sì ń fi kún un. Bí ọ̀kan bá sáré ṣáájú, tàbí tí ẹsẹ̀ tí ó jẹ́ olórí kò dúró re, agbára náà yóò dànù lójú ọ̀nà.

Orí, ọwọ́ òsì àti ibi tí a balẹ̀ sí

Ohun mẹ́ta ni ó kù tí ó ń mú ara dúró déédéé. Èkíní ni orí. Kí ojú wà lókè lára bọ́ọ̀lù títí rákẹ́ẹ̀tì yóò fi kàn án. Ìkánjú àtirí ibi tí bọ́ọ̀lù bọ́ sí a máa mú wa rẹ orí sílẹ̀ ṣáájú àsìkò. Bí orí bá sì ti rẹlẹ̀, èjìká yóò tẹ̀ lé e, gíga tí a ṣe ìṣirò rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ti lọ.

Èkejì ni ọwọ́ òsì. Lẹ́yìn tí ó bá ti ju bọ́ọ̀lù tán, iṣẹ́ rẹ̀ kò tíì tán. Kí ó wà lókè fún ìgbà díẹ̀, kí ó wá ká wá síbi ikùn nígbà tí ọ̀tún bá ń gòkè. Bí a bá jẹ́ kí ó fì lọ sẹ́yìn, yóò fa àyà ṣí kíákíá, ara yóò sì yí kọjá ibi tí ó yẹ.

Ẹ̀kẹta ni ibi tí a balẹ̀ sí. Ẹsẹ̀ òsì ni kí ó kọ́kọ́ balẹ̀ nínú pápá, kí ti ọ̀tún gbé sẹ́yìn láti fi wọn ara. Ìdánwò tí Bàbá fún mi nìyí: lẹ́yìn tí o bá sáàfù tán, dúró lórí ẹsẹ̀ òsì yẹn, kí o ka ení, èjì, ẹ̀ta. Bí o kò bá lè kà á dé ẹ̀ta, má wulẹ̀ wo ibi tí bọ́ọ̀lù bọ́ sí. Bí ó tilẹ̀ wọlé, orí ló kó ọ yọ.

Sáàfù kejì

Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù ni pé bí ti àkọ́kọ́ bá ti kùnà, ẹ̀rù yóò mú wa dín eré ọwọ́ kù. Ìgúnpá yóò ká, ẹsẹ̀ yóò lẹ̀ mọ́ ilẹ̀, bọ́ọ̀lù yóò sì kú sínú àwọ̀n. Eré ọwọ́ kò gbọdọ̀ dín. Ọ̀nà tí rákẹ́ẹ̀tì ń gbà ni kí a yí padà. Kí a ju bọ́ọ̀lù sókè orí díẹ̀ sí i, kí rákẹ́ẹ̀tì ti ìsàlẹ̀ gòkè lọ ha ara rẹ̀, kí bọ́ọ̀lù lè máa yí síwájú bí ó ti ń lọ. Bọ́ọ̀lù tí ó ń yí báyìí yóò fò ga lókè àwọ̀n, afẹ́fẹ́ yóò sì tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ sínú àpótí. Nítorí náà, ẹni tí ẹ̀rù ń bà gan-an ni ó yẹ kí ó gbá a tọkàntọkàn.

Ó ti ṣe àwọn akọni rí

Kí ẹni tí dọ́bù fọ́ọ̀tì ń bá jà má ṣe rò pé òun nìkan ni. Ní àṣekágbá Wimbledon ní 1993, Jana Novotna ń fi 4 sí 1 ṣíwájú Steffi Graf nínú sẹ́ẹ̀tì kẹta. Àmì kan péré ló kù kí ó di 5 sí 1. Ó ṣe dọ́bù fọ́ọ̀tì, géèmù náà bọ́, Graf sì gba ife. Novotna kò jáwọ́. Ó gba ife náà ní 1998.

Èyí tí ó kọ́ mi lọ́gbọ́n jù ni ti Aryna Sabalenka. Ní oṣù kìíní 2022 ní Adelaide, dọ́bù fọ́ọ̀tì 18 ni ó ṣe nínú ìdíje kan, ó sì ṣe 21 nínú èyí tí ó tẹ̀ lé e. Ó sunkún lórí pápá, ó tilẹ̀ fi ọwọ́ ìsàlẹ̀ sáàfù bí ọmọdé. Ní gbogbo ọdún náà, dọ́bù fọ́ọ̀tì rẹ̀ lé ní 400. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ọkàn rẹ̀ ni kò dúró. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó lọ bá Gavin MacMillan, ẹni tí ó mọ̀ nípa bí ara ṣe ń yí, ọ̀nà tí ara rẹ̀ ń gbà gbá bọ́ọ̀lù ni wọ́n tú palẹ̀ tí wọ́n sì tún tò. Ní oṣù kìíní 2023, ó gba ife Australia lọ́wọ́ Elena Rybakina. Ẹ sì gbọ́ o: nígbà tí ó ku àmì kan kí ó borí, dọ́bù fọ́ọ̀tì ni ó fi bẹ̀rẹ̀. Àǹfààní kẹrin ni ó tó mú ife. Ìbẹ̀rù kò lọ pátápátá, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ti ní ibi tí ó lè padà sí nígbà tí ìbẹ̀rù bá dé.

Bí a ṣe lè kọ́ ọ

Mo mọ̀ pé owó bọ́ọ̀lù wọ́n, pápá sì kéré. Síbẹ̀, ohun tí a lè ṣe pọ̀.

Èkíní, kí a fi rákẹ́ẹ̀tì lélẹ̀ níwájú ẹsẹ̀ òsì, kí a máa ju bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo sókè kí ó máa balẹ̀ sórí okùn rẹ̀. Kò gba pápá, ẹ̀yìn ilé ìbùgbé wa tó. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, nínú ogún, mẹ́ta péré ló ń balẹ̀ síbi tí mo fẹ́.

Èkejì, kí a máa sáàfù láìní bọ́ọ̀lù, jẹ́jẹ́, kí a máa ka ení, èjì, ẹ̀ta lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn ará yàrá mi kọ́kọ́ rò pé mo ń kọ́ ijó egúngún.

Ẹ̀kẹta, kí a dúró sí àárín pápá nítòsí àwọ̀n, kí a sáàfù láti ibẹ̀, kí a sì máa fà sẹ́yìn ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan nígbà tí márùn-ún bá wọlé tẹ̀ léra. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ẹ̀kẹrin, kí ọ̀rẹ́ ẹni fi fóònù ya ẹsẹ̀ ẹni, kì í ṣe ojú. Ojú a máa purọ́, ẹsẹ̀ kì í purọ́.

Bí èjìká bá sì ń dun ni, kí a sinmi. Ìrora ni ara fi ń sọ pé apá ti ń ṣe iṣẹ́ tí kì í ṣe tirẹ̀.

Ìparí

Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, a tún pàdé ẹ̀ka kan náà. N kò ní sọ pé mo ti di ògbóǹtagí, nítorí pé irọ́ ni. Ó tún di 5 sí 4, ọwọ́ mi tún ni sáàfù wà, agolo tún ń dún. Nígbà tí ó ku àmì kan, ti àkọ́kọ́ mi wọ inú àwọ̀n. Ariwo dákẹ́. Mo ju èkejì, kò dára, mo hán an. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Mo tún un jù, mo tari ilẹ̀, mo sì gbá a. Ó wọlé. Ẹnì kejì mi dá a padà, mo wá gbá ti ẹ̀yìn rẹ̀ síta! Àmì náà bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́, ṣùgbọ́n dọ́bù fọ́ọ̀tì kọ́ ni ó pa mí, ọkàn mi sì balẹ̀ débi pé mo jẹ méjì tí ó tẹ̀ lé e.

Mo wá Bàbá lọ sí ìdí àwọ̀n láti dúpẹ́. Ó ń ká okùn lọ́wọ́, kò tilẹ̀ gbé ojú sókè.

“Mo gbọ́ ọ,” ni ó wí. “Ẹsẹ̀ rẹ ti dákẹ́.”

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, pápá máa ń ṣí sílẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Ẹni tí kò bá ní rákẹ́ẹ̀tì, ó lè lo tèmi. Kí ó sáà ti mú ẹsẹ̀ méjèèjì dání. Ire o.